Ẹni Tí Wọ́n Ní Ó Gbé Eyín Ìyá Rẹ̀ Lọ

Ẹ bi àwọn télọ̀ yòókù ní òpópónà yẹn, wọ́n á sọ fún yín pé sísọ́ọ̀sì méjì ni obìnrin yìí ní: ọ̀kan wà lórí tábìlì, èkejì wà lẹ́nu rẹ̀. Eyín iwájú ló fi ń gé òwú. Bí máṣíìnì bá ti dúró báyìí, á tẹrí ba, á fa òwú mọ́ ẹnu, ó ti já. Bó bá ń ṣẹ́ etí aṣọ, píìnì á tò lọ bẹẹrẹ láàárín ètè rẹ̀, síbẹ̀ á máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀, oníbàárà á sì máa gbọ́ ọ. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ bá a wí títí ó fi rẹ ọ̀gá.

Yàrá iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Máṣíìnì wà lẹ́bàá fèrèsé nítorí ìmọ́lẹ̀, tábìlì tó fi ń géṣọ gba gbogbo àárín yàrá, dígí gíga kan sì fẹ̀yìn ti ògiri. Dígí náà ti sán nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú dígí? Àga kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ máa ń jókòó sí, tí á máa rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, tí á sì máa sọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tó bá ń kọjá.

Ìyá yìí náà ló sọ ọ́ ní Gbéyínlọ. Orúkọ tí wọ́n kọ sára pátákó ṣọ́ọ̀bù yàtọ̀, àmọ́ Gbéyínlọ ni gbogbo ilé ń pè é, títí kan ọkọ rẹ̀ tó bá orúkọ náà nílẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí ìyá lóyún rẹ̀, èrìgì ìyá, ìyẹn ẹran tó di eyín mú, wú, ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Kó tó di pé ó bímọ, eyín iwájú kan mì títí, ó sì kúkú bọ́ sínú búrẹ́dì lọ́jọ́ kan. Ìyá fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn náà fún àlejò. "Àwọn ọmọ mi yòókù, wàrà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi," á wí. "Eléyìí ní eyín lòun máa gbà." Àlejò á rẹ́rìn-ín. Ìyá náà á rẹ́rìn-ín, á sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú sí ọwọ́ tó ń bo ẹnu yẹn. Àwọn èèyàn rò pé ìtìjú obìnrin ni, wọ́n tiẹ̀ ní ó yẹ ẹ́. Gbéyínlọ mọ̀ pé àlàfo iwájú yẹn ló ń bò. Láti kékeré ni nǹkan ti máa ń gún un láyà nígbàkigbà tí ọwọ́ yẹn bá gòkè. Kò sí fọ́tò kan ṣoṣo nínú ilé wọn tí ìyá rẹ̀ ti la ẹnu. Gbogbo rẹ̀ pátá, ètè ìyá pa dé bí ìdérí ìkòkò. Ọmọ náà á wo fọ́tò, á sì sọ nínú ara rẹ̀ pé èmi ni mo fà á. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ilé fi ń ṣàwàdà, báwo ni ẹnì kan ṣe fẹ́ dìde láàárín wọn kó ní ó ń dun òun?

Nígbà tó di ìyàwó ilé, ọmọ pẹ́ kó tó dé. Oyún kan kọ́kọ́ wá, ó sì bàjẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ló fi lọ, ẹ̀jẹ̀ yẹn ò sì kúrò lójú rẹ̀ láti ìgbà náà. Nítorí náà, nígbà tí òmíràn dúró, inú rẹ̀ dùn, àyà rẹ̀ sì ń já. Ọkọ rẹ̀, káfíńtà tí kì í yára ṣe nǹkan kan láyé rẹ̀, ti kan ibùsùn ọmọ kí ikùn tó yọ. Láràárọ̀ ni Gbéyínlọ ń bì. Ó ra súwíìtì oníminti sínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì, ó ń mú un lá láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́ kí èébì má baà gbé e. Kò pẹ́ tí itọ́ tó ń tu nígbà tó bá ń fọ eyín bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Ní ilé ìwòsàn, agbẹ̀bí tó ń tọ́jú rẹ̀ wo àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe, ó ní, "Télọ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹ ò tó. Máa lo oògùn yìí, má sì fi ẹ̀fọ́ àti ẹyin ṣeré o." Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn, kò sì parọ́. Àgbàlagbà obìnrin ni, ó mọ iṣẹ́, oníbàárà Gbéyínlọ sì ni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu agbẹ̀bí bọ́ sí etí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dẹ́rù bà tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó dúró síwájú básíà pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ó tu itọ́, ó wo bó ṣe pọ́n. Ó ní háà, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní kò tó, òun náà ni mo tún ń dà nù sínú básíà láràárọ̀. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, omi lásán ló fi ń ṣan ẹnu. Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í rántí òwe.

Ìyá rẹ̀ gbọ́, ó fọwọ́ sí i. "Bẹ́ẹ̀ gan-an lèmi náà ṣe," ó ní. "Fi ẹnu sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ọmọ ló ń wá eyín tiẹ̀. Tó bá ti rí ẹyọ kan mú, á fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹ."

Ẹ̀jẹ̀ ò dá. Tẹ́lẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ló ń mú un jáde. Ní báyìí, búrẹ́dì ń mú un jáde, orí òwú ń mú un jáde, nígbà mìíràn á jí láàárọ̀ á bá a lára ìrọ̀rí. Èrìgì wú, ó pọ́n, ó ń dán. Ẹnu sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ọkọ rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gbẹ́ kan bá a sọ̀rọ̀.

"Kí lò ń wò níbẹ̀ tó ò fi kọjú sí mi?" ìyàwó bi í.

"Ògiri ni mò ń wò," ọkọ dáhùn. "Ó jọ pé ó yẹ ká kùn ún."

Ògiri tó kùn lọ́dún yẹn náà ni. Obìnrin náà gbọ́ ohun tí kò sọ, kò sì bá a jà. Ó ṣáà ń gbé ojú sápá kan bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan oníbàárà pa á lẹ́rìn-ín. Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ṣe kòńgẹ́ ara rẹ̀ nínú dígí gíga yẹn, ó sì rí ọwọ́ òsì rẹ̀ lórí ẹnu. Kò mọ ìgbà tó gbé e síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló rí nínú dígí. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí oníbàárà lọ, ó fi ahọ́n ti eyín iwájú rẹ̀ kan, eyín náà sì mì.

Ẹ̀rù méjì ló wá wà lára rẹ̀ báyìí. Ó ń bẹ̀rù pé ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde lẹ́nu yóò tán mọ́ ọmọ lára, kí eléyìí náà má lọ bíi ti àkọ́kọ́. Ó sì ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá tilẹ̀ wá, á bá orúkọ burúkú kan nílẹ̀ tó ń dúró dè é, wọ́n á máa fi pè é lójú àlejò, òun náà á sì máa wo fọ́tò ìyá rẹ̀. Kò sọ ọ̀kankan fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ọlọ́run ló bá a ṣe é tí agbẹ̀bí gbé aṣọ wá. Aṣọ iṣẹ́ funfun ni, ó ní kó rán tuntun kan fún òun. Gbéyínlọ rán an dáadáa, ó lọ̀ ọ́, ó gbé e kọ́. Nígbà tí agbẹ̀bí wá gbà á, ó wọ̀ ọ́ síwájú dígí, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó yìn ín. Ó wá na ọrùn, ó rí i: àmì pupa kékeré kan lórí kọ́là, níbi tí òwú ti já.

"Télọ̀, abẹ́rẹ́ gún ẹ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ má bínú, mo máa fọ̀ ọ́ kúrò."

"Abẹ́rẹ́ wo?" ìyá rẹ̀ dáhùn láti ẹnu ọ̀nà, kò tiẹ̀ gbójú kúrò lára bọ́tìnnì. "Ẹnu ẹ̀ ni. Ọmọ ń mú eyín níbẹ̀."

Télọ̀ wolẹ̀. Agbẹ̀bí yípadà kúrò níwájú dígí. Ó fa Gbéyínlọ lọ sẹ́bàá fèrèsé, ó ní kó la ẹnu. Ó wò ó dáadáa.

"O ń fọ eyín báyìí?"

"Rárá, mà. Mo ti fi í sílẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ̀jẹ̀ mi ò tó. Mo ní kí n má tún máa da èyí tó kù nù."

Agbẹ̀bí jókòó sórí àga máṣíìnì pẹ̀lú aṣọ tuntun tí kò tíì dí bọ́tìnnì rẹ̀ tán. Mo rò pé ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí ì bá bínú sí. "Ẹ̀jẹ̀ tí mo sọ yẹn, oògùn àti oúnjẹ ló máa dá a padà," ó ní. "Ti ẹnu ẹ yìí, ìdọ̀tí tó jókòó sí ìdí eyín ló ń fà á. Búrọ́ọ̀ṣì ló yẹ kó máa lé e kúrò, òun lo wá dá dúró. Èmi náà jẹ̀bi níbẹ̀. Ikùn la máa ń wò, apá la máa ń wò, a kì í ní kí aboyún la ẹnu. Lọ rí dókítà eyín lọ́la. Má sọ pé ó di ìgbà tó o bá bímọ."

"Aboyún kì í lọ sọ́dọ̀ wọn," ìyá wí. "Wọ́n á fa eyín, ọmọ á tẹ̀lé e."

"Ẹnì kankan ò ní fa nǹkan kan, màmá. Wọ́n ń tọ́jú aboyún níbẹ̀ lójoojúmọ́. Kó ṣáà sọ iye oṣù tó wà àti oògùn tó ń lò. Ẹ̀yin náà, ẹ tẹ̀lé e lọ."

Ìyá tẹ̀lé e. Ó ní òun ń lọ dìídì ṣọ́ ọmọ òun ni.

Yàrá dókítà eyín mọ́lẹ̀ kedere, ó ń rùn bí oògùn. Àga ibẹ̀ gùn, ó ń dà sẹ́yìn bí ibùsùn. Dókítà náà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wọ awò ojú, fi ìrọ̀rí kékeré ti ìbàdí aboyún kó lè fì sí apá òsì, kí ikùn má baà wúwo sí i lẹ́yìn. Ó ti dígí bíńtín kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó ń wò ó káàkiri.

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá," ó ní. "Bí a bá fi í sílẹ̀ báyìí, ọyún ló máa gba ibẹ̀."

"Oyún ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀," ìyá dá a lóhùn. "Òun la gbé wá."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ọyún ni mo wí, màmá, èyí tó máa ń wà nínú eéwo. Oyún tiyín wà nísàlẹ̀, ara ẹ̀ le." Aboyún tó dùbúlẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ dókítà wà lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìdọ̀tí tó ti le gbagidi kúrò ní ìdí eyín. Omi ń tú, irin ń dún kíríkírí, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde. Gbéyínlọ di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú pinpin. Nígbà tí dókítà ní kó ṣan ẹnu, ó rí i bí omi ṣe pọ́n, ojú rẹ̀ sì kún fún omijé.

"Ẹ̀jẹ̀ yìí, ṣé kò ní tán mọ́ ọmọ mi lára?" ó bèèrè. "Oyún kan ti bàjẹ́ lára mi rí."

Dókítà fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀jẹ̀ yìí ò ju ti ẹni tí abẹ́rẹ́ gún lẹ́ẹ̀mejì lọ, omi tó dà pọ̀ mọ́ ọn ló mú un pọ̀ lójú yín. Tí obìnrin bá lóyún, èrìgì ẹ̀ kì í gba gbẹ̀rẹ́ mọ́. Ìdọ̀tí díẹ̀ tí ì bá má ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀, á mú un wú, á mú un ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ ò sì fọ̀ ọ́, ìdọ̀tí ń pọ̀ sí i. Tó bá ti mọ́, á rọlẹ̀. Ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, ẹ máa fọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti kẹ́ ẹ tó sùn, jẹ́jẹ́, dé ibi tí eyín ti pàdé èrìgì. Ó lè ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má sá fún un. Tẹ́ ẹ bá bì, ẹ fi omi ṣan ẹnu, ẹ dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọ eyín, torí omi kíkan yẹn ń sọ ara eyín di ẹlẹgẹ́. Súwíìtì ńkọ́?"

"Ó kún dúrọ́ọ̀ ẹ̀," ìyá tú àṣírí.

"Ẹ dín in kù. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Télọ̀ ni mí."

"Ẹ̀ẹ́n, mo rí i lára eyín iwájú yín. Ẹ má fi gé òwú mọ́. Òwú tí mo fẹ́ fún yín yìí, àárín eyín ló máa ń gbà, òun ló ń bá eyín ṣiṣẹ́."

Gbéyínlọ wá gbójú sókè bi í nípa eyín tó ń mì. Dókítà tún fi ìka tì í wò. Ó ní kò tíì pọ̀ jù, bí ó bá tọ́jú rẹ̀ tó sì padà wá, òun rò pé yóò dúró.

Ìyá ti ń wo gbogbo rẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ bo ẹnu, ó bèèrè lábẹ́ ọwọ́ náà pé, "Dókítà, tí ọmọ bá ti pinnu pé òun máa gba eyín, ṣé ẹ lè dí i lọ́nà?"

"Màmá, ọmọ kì í gba eyín ìyá ẹ̀. Inú eyín kọ́ ló ti ń rí ohun tó fi ń kọ́ egungun. Èrìgì tó ṣàìsàn tí wọn ò tọ́jú ló ń jẹ́ kí eyín bọ́. Ọmọ ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, àwọn èèyàn kọjá, ìyá ò sọ̀rọ̀ ẹnì kankan nínú wọn. Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó mú bọ́tìnnì, ó tún fi sílẹ̀.

"Nígbà tí mo lóyún ẹ," ó ní, "ìyá mi ló ní kí n má fọ eyín mọ́. Mo rí ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rù bà mí, mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Títí mo fi bí ẹ, mi ò fọ̀ ọ́."

"Ẹ ò mọ̀ nígbà yẹn, màmá."

"Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ lo gbé e lọ. Ọwọ́ mi ni mo fi sọ ọ́ nù. Láti ọjọ́ tí mo ti bí ẹ ni mo ti ń pe ọmọ mi lólè lójú àlejò, mo sì ń fi rẹ́rìn-ín."

Omijé bọ́ lójú Gbéyínlọ, kò sì nù ún. "Mo rò pé òótọ́ ni," ó ní. "Ìgbàkigbà tẹ́ ẹ bá fọwọ́ bo ẹnu, mo máa ń rò pé èmi ni mo fà á."

"O ò sì sọ fún mi."

"Ẹ ń rẹ́rìn-ín ni, màmá."

Ìyá dìde. Ó mú sísọ́ọ̀sì kékeré kan lórí tábìlì, ó gé okùn aṣọ, ó so ó mọ́ ọn, ó sì gbé e kọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́rùn. "Èyí ni kó o máa fi gé òwú," ó wí. "Fi eyín ẹ sílẹ̀ fún mi."

Obìnrin náà padà sídìí búrọ́ọ̀ṣì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń di ojú bó bá fẹ́ tu itọ́. Nígbà tó yá, itọ́ ń funfun, èrìgì rọlẹ̀, eyín tó ń mì sì dúró jẹ́ẹ́. Ọkọ rẹ̀ kò dárúkọ ògiri mọ́, ó tún ń kọjú sí ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ ṣì máa ń gbàgbé, á tẹ orí ba mọ́ òwú, sísọ́ọ̀sì á sì gbá a láyà bó ṣe ń tẹ̀ ba, á rántí. Oyún pé oṣù, ó sì bí obìnrin, gbogbo eyín Gbéyínlọ sì wà lẹ́nu rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, agbẹ̀bí yà wá kí wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ìyá ló gbé ọmọ dání lẹ́nu ọ̀nà, Gbéyínlọ wà nídìí máṣíìnì. Agbẹ̀bí tẹjú mọ́ ọmọ, ó ní, "Eléyìí ńkọ́, eyín mélòó lòun gbà?"

"Kò gba nǹkan kan," ìyá dáhùn. "Ìyá ẹ̀ náà ò gbà nígbà tiẹ̀. Èmi ni mi ò fọ ẹnu mi." Ọmọ yán, ó la ẹnu rẹ̀ tí kò ní eyín kankan gbàràgàdà sí ojú ìyá àgbà. Ìyá wo ẹnu yẹn, ó ní, "Wò ó, èmi tiẹ̀ sàn jù ọ́ lọ," ẹ̀rín sì gbé e.

Gbéyínlọ gbójú sókè, ó ń dúró de ọwọ́ yẹn. Ọwọ́ kò gòkè. Méjèèjì wà lábẹ́ ọmọ, ìyá rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín lọ, ẹnu là sílẹ̀, àlàfo iwájú hàn kedere sí gbogbo òpópónà. Láyé rẹ̀, kò tíì rí ẹ̀rín ìyá rẹ̀ délẹ̀ rí. Ó wò ó títí tó fi rẹ́rìn-ín tán, ó wá fa sísọ́ọ̀sì ọrùn rẹ̀, ó sì gé òwú.